Ṣé Orúkọ Olóṣèlú Lè Ṣílẹ̀kùn Ìlú Òkèèrè?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní orílẹ̀-èdè yìí, tí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ọmọ sí òkè òkun bá ti wáyé, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àgbà tó wà níjokòó: "Ta la ní níbẹ̀?" Wọn kò tíì béèrè bóyá ìwé ọmọ náà pé. Wọn kò tíì béèrè iye tó wà ní báńkì. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ọ̀kan á ní ìyàwó sẹ́nétọ̀ kan jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá òun. Èkejì á ní ọkọ ẹ̀gbọ́n òun wà lára àwọn tó ń bá gómìnà rìn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti kó orúkọ jọ bíi pé orúkọ ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú.

Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹni tó bá ti lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba rí mọ̀ pé ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lágbára nílé níbí. Fáìlì tó ti sùn sórí tábìlì fún oṣù mẹ́ta lè jí láàárín wákàtí kan bí ọ̀gá kan bá pè. Àwọn àgbà náà ló kúkú sọ pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé wá ń rò ni pé bó ṣe rí nílé náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Àwọn ajẹ́ńtì mọ èyí dáadáa. Wọ́n á ní àwọn mọ èèyàn ní ẹ́ḿbásì, wọ́n á ní olóṣèlú kan ló ń ti àwọn lẹ́yìn, wọ́n á sì dárúkọ owó. Ilẹ̀ bàbá ni àwọn kan ń tà láti fi san irú owó bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni? Bí èèyàn bá jẹ́ ẹbí olóṣèlú ńlá, ṣé ìyẹn máa ń mú kó rọrùn fún un láti gba ìwé ìgbélùú, tàbí kí wọ́n fún un ní ibi ìsádi? Ó dára kí a fi ìdílé ẹni tó wà ní ipò tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wọn ọ̀rọ̀ náà. Bí orúkọ kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ṣòro kó tó ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

Àǹtí ààrẹ ní ilé àwọn tálákà

Ọmọ Kẹ́ńyà ni Zeituni Onyango. Òun àti bàbá Barack Obama jẹ́ ọbàkan: bàbá kan náà ló bí wọn, ìyá wọn ló yàtọ̀. Ní ojú Yorùbá, ìyá ló jẹ́ fún Obama, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé ìyá báwo. Nígbà tí Obama ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tó kọ́kọ́ lọ sí Kẹ́ńyà láti mọ ẹbí bàbá rẹ̀, Zeituni wà lára àwọn tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Obama sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe jáde ní 1995.

Ní 2000 ni Zeituni wọ Amẹ́ríkà. Ní 2002, ó bẹ ìjọba ibẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ibi ìsádi. Ní 2004, adájọ́ kọ̀ fún un, wọ́n sì pàṣẹ pé kó padà sí Kẹ́ńyà. Kò padà. Ó ń gbé ní South Boston, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí agbára wọn kò ká owó ilé.

Ọdún 2004 yìí ló yẹ kí àwọn tó gbára lé orúkọ wò dáadáa. Ọdún náà gan-an ni Obama dìde níbi àpérò ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic tó sọ̀rọ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà fi mọ̀ ọ́n. Oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ọdún tí ìràwọ̀ ọmọ ń yọ ni ilé ẹjọ́ ní kí ìyá rẹ̀ máa lọ sílé. Ọmọ olóṣèlú tó ní kò gbà á sílẹ̀.

Ìgbà tí orúkọ náà máa wá ṣiṣẹ́, ibi ló kọ́kọ́ bá dé. Ní ìparí Oṣù Kẹwàá 2008, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n dìbò ààrẹ, àwọn oníròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí Zeituni níbi tó ń gbé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ ìròyìn AP gbé e jáde pé ilé ẹjọ́ ti lé obìnrin náà kúrò ní Amẹ́ríkà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan wà lára àwọn tó tú àṣírí yìí, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà sọ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó wá ibi ìsádi gbọ́dọ̀ wà ní ìpamọ́. Ìdí tí òfin náà fi wà kò ṣòro láti mọ̀: ẹni tó ní òun ń sá fún ewu nílé, bí ìròyìn bá délé pé ó sọ bẹ́ẹ̀, ewu náà lè di méjì.

Obama ní òun kò mọ̀ pé àǹtí òun kò ní ìwé, ó sì ní kí wọ́n tẹ̀ lé òfin. Nǹkan bíi 260 dọ́là tí obìnrin náà ti fi ṣètìlẹ́yìn fún ìpolongo ìbò ọmọ rẹ̀, wọ́n dá a padà, torí òfin kò gba kí àjèjì dá owó sí ìbò. Zeituni kó kúrò ní Boston lọ sí Cleveland, nítorí àwọn oníròyìn kò jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀rù rẹ̀ sì di ìlọ́po. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fojú inú wo ìyá ààrẹ lórí àga onítìmùtìmù nínú White House, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ohun tí adájọ́ sọ

Ní Oṣù Kejìlá 2008, wọ́n tún ẹjọ́ náà ṣí. Lọ́yà kan láti Cleveland, Margaret Wong, ló dúró fún un. Ní Oṣù Karùn-ún 2010, Adájọ́ Leonard Shapiro ní Boston fún Zeituni ní ibi ìsádi. Ààrẹ ti wà lórí oyè fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nígbà náà. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn kan ti kígbe ojúsàájú. White House dáhùn pé àwọn kò dá sí ẹjọ́ náà.

Nígbà tí ìdájọ́ náà wá jáde fún aráyé, ohun tó wà nínú rẹ̀ yà ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Adájọ́ kò sọ pé nítorí pé obìnrin náà jẹ́ ẹbí ààrẹ ni òun ṣe fún un. Ohun tó sọ ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó tú àṣírí rẹ̀ ṣẹ̀ sófin, pé ìyẹn ló sì mú kí ewu tó wà fún un ní Kẹ́ńyà pọ̀ sí i. Gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ́ ẹbí rẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ pé ó lọ bẹ Amẹ́ríkà pé kó gba òun. Kẹ́ńyà náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú rògbòdìyàn ìbò Oṣù Kejìlá 2007 ni, níbi tí ẹ̀yà ti kọjú ìjà sí ẹ̀yà, tí ẹ̀mí tó lé ní 1,000 sì lọ.

Nítorí náà, ṣé orúkọ ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́? Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ajẹ́ńtì ṣe ń sọ ọ́. Kò sí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni pe adájọ́ lórí fóònù. Orúkọ ló jẹ́ kí àwọn oníròyìn wá obìnrin náà kiri. Ìròyìn wọn ló sọ ọ́ sínú ewu tuntun. Ewu tuntun náà ni lọ́yà fi ṣí ẹjọ́ tó ti kú. Obìnrin Kẹ́ńyà mìíràn tí wọ́n lé ní 2004, tí kò ní ọmọ kankan nínú òṣèlú, kò ní sí oníròyìn kankan tó máa lọ tú àṣírí rẹ̀, kò sì ní ní irú ẹ̀rí yẹn. Yóò ṣì máa sá fún ọlọ́pàá ni. Ibi tí àìdọ́gba wà nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀: olókìkí rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, aláìlórúkọ kò rí.

Bùọ̀dá ààrẹ àti òfin 1972

Lẹ́yìn àǹtí, ó kan bùọ̀dá. Ọbàkan bàbá Obama ni Onyango Obama náà. Ní 1963 ló dé Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ilé ẹ̀kọ́ girama ló sì bá lọ sí Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ìwé tó fi wọlé parí, òun kò sì kúrò. Nígbà tó fi máa di 1992, wọ́n ti pàṣẹ pé kó máa lọ. Ó dúró, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọtí, ó sì ń san owó orí.

Ní Oṣù Kẹjọ 2011, ọlọ́pàá mú un ní Framingham pé ó mutí wa ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ pe ẹnikẹ́ni, ó fèsì pé bóyá kí òun pe White House. Ọ̀rọ̀ náà dún bí àwàdà, ṣùgbọ́n kò mú kí wọ́n tú u sílẹ̀. Àtìmọ́lé ni wọ́n fi í sí, tí fáìlì rẹ̀ àtijọ́ náà sì jí.

Ní Oṣù Kejìlá 2013, ó dé iwájú Adájọ́ Shapiro kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọ̀rọ̀ ibi ìsádi nínú rẹ̀. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tó sọ pé ẹni tó bá ti wọ ìlú náà kí ọdún 1972 tó bẹ̀rẹ̀, tó ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà náà, tí ìwà rẹ̀ sì dára, lè gba ìwé ìgbélùú títí ayé. Onyango ti lo àádọ́ta ọdún níbẹ̀. Adájọ́ fún un. Òfin yìí kò béèrè orúkọ ẹbí ẹnikẹ́ni, àwọn tí kò mọ ààrẹ kankan náà sì ti lò ó.

Ibi tí ìtìjú wà ni ẹ̀gbẹ́ òṣèlú. White House ti kọ́kọ́ sọ pé kò sí àkọsílẹ̀ pé ààrẹ àti bùọ̀dá rẹ̀ pàdé rí. Onyango wá sọ ní ilé ẹjọ́ pé ọmọ òun gbé lọ́dọ̀ òun fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà tó dé Cambridge láti kọ́ òfin ní Harvard. Nígbà tí wọ́n bi ààrẹ fúnra rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn olóṣèlú mọ̀ pé irú ẹbí bẹ́ẹ̀ lè kó ọ̀rọ̀ bá wọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń sá fún ẹbí tí kò ní ìwé dípò kí wọ́n ràn án lọ́wọ́.

Ìdí tí ìfura kò fi jẹ́ ìwà òmùgọ̀

Àwọn tó fura sí ìdájọ́ méjèèjì kò ya wèrè. Àwọn adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwọ̀lú ní Amẹ́ríkà kò dà bí àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ yòókù. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni wọ́n. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ló ń gbà wọ́n síṣẹ́, ààrẹ ló sì ń yan agbẹjọ́rò àgbà. Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ àǹtí ààrẹ ń jẹun lábẹ́ ààrẹ. Bí adájọ́ náà bá tiẹ̀ jẹ́ olódodo bí kí ni, ìlànà náà fúnra rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ìfura. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Òṣìṣẹ́ tó mọ orúkọ tó wà lórí fáìlì lè máa rìn jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi hàn pé nígbà míràn ohun tí wọ́n fura sí máa ń wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 2004, David Blunkett ni mínísítà tó ń bójú tó Home Office, ilé iṣẹ́ kan náà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní London ń fi ìwé ránṣẹ́ sí. Ìròyìn jáde pé ìwé ìgbélùú obìnrin kan tó ń tọ́jú ọmọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́ yára ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí obìnrin náà pé ó lè tó ọdún kan kó tó rí èsì. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn lẹ́tà náà tí èsì fi dé. Wọ́n rí ímeèlì kan tó ní kò sí ojú rere pàtàkì kankan nínú rẹ̀, pé ó kàn yára díẹ̀ ni. Blunkett ní òun kò ṣe ojúsàájú, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 15 Oṣù Kejìlá ọdún náà, ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Sir Alan Budd tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé ọ̀nà kan so ọ́fíìsì mínísítà pọ̀ mọ́ bí ìwé náà ṣe yára.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú èyí. Àkọ́kọ́ ni pé ojúsàájú máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó náà. Èkejì ni pé mínísítà tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo ọ́fíìsì yẹn pàdánù ipò rẹ̀ lórí kí ìwé kan yára díẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún un, èwo ni ti ajẹ́ńtì tó ní òun mọ dírébà ẹnìkan?

Irú ẹbí tí òfin mọ̀

Òfin ìwọ̀lú kò kórìíra ẹbí. Ẹbí gan-an ni ọ̀nà tó gbòòrò jù lọ láti fi rí ìwé ìgbélùú ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè tí òfin ń béèrè ló yàtọ̀ sí ti parlọ̀ wa. Kò béèrè bóyá ẹbí rẹ jẹ́ sẹ́nétọ̀. Ó ń béèrè bóyá ọkọ, ìyàwó, ọmọ, òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ jẹ́ ọmọ onílùú. Ọmọ onílùú tó ti pé ọdún 21 lè bẹ̀bẹ̀ fún ìyá àti bàbá rẹ̀, kò sì sí iye tí wọ́n dá dúró fún ti òbí lọ́dún. Ti ọmọ ìyá wà, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ti àbúrò bàbá kò sí rárá. Zeituni, ìyá ààrẹ ní ojú Afíríkà, kò já mọ́ nǹkankan nínú àkọsílẹ̀ òfin náà.

Ní Oṣù Kẹjọ 2018, àwọn òbí Melania Trump, tí wọ́n wá láti Slovenia, búra di ọmọ Amẹ́ríkà ní New York. Ọmọ wọn ló fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìwé ìgbélùú. Lásìkò kan náà, ọkọ ọmọ wọn tó jẹ́ ààrẹ ń bú ètò tí ọmọ onílùú fi ń fa ẹbí wọlé, ó ní kí wọ́n fòpin sí i. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn àgbà méjì yẹn gbà, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìlọrin tó di ọmọ onílùú ní Houston lè gbà á fún ìyá rẹ̀ láìmọ olóṣèlú kankan.

Ohun kan tún wà tí olóṣèlú lè ṣe láìṣẹ̀ sófin. Ní Amẹ́ríkà, aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò lè kọ̀wé béèrè ibi tí fáìlì ẹnìkan dé, bí ẹni náà bá ti fọwọ́ sí ìwé pé kó wo ọ̀rọ̀ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lè jí fáìlì tó sùn, wọn kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sì dìgbà tí èèyàn bá jẹ́ ẹbí aṣòfin. Kó kàn máa gbé ní àdúgbò rẹ̀ ti tó.

Ti ibi ìsádi tún yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹbí olóṣèlú lè jẹ́ ẹ̀rí ewu. Ọmọ alátakò tí ìjọba ń lépa lè sọ pé nítorí bàbá òun ni wọ́n ṣe ń wá òun, òfin sì lè gbà á. Àwọn ayédèrú ajẹ́ńtì mọ èyí náà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá purọ́ tí wọ́n sì mọ̀, Amẹ́ríkà lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn títí láé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè tì í mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá.

Zeituni Onyango kú ní Boston ní Oṣù Kẹrin 2014, ẹni ọdún 61. Ó rí ìwé rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kò rí ìrọ̀rùn tí àwọn tó ń gbọ́ orúkọ Obama máa ń rò. Ìdílé tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ sókè òkun lè ṣe àpérò wọn bí wọ́n ti ń ṣe é, kí àgbà sì béèrè ìbéèrè rẹ̀. Kí wọ́n kàn fi tí orúkọ sí ìkẹyìn. Kí ni ọmọ náà fẹ́ lọ ṣe? Ìwé wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀nà wo ni òfin là sílẹ̀ fún irú rẹ̀? Bí wọ́n bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ìdáhùn sì dára, kò ní sí ìdí láti ta ilẹ̀ bàbá fún ẹni tó ní òun mọ èèyàn.